Obìnrin Tó Kọ́ Ẹja Ní Ìbẹ̀rù

Ẹni àkọ́kọ́ tó pè é ní Ìyá Ẹja, ọkọ rẹ̀ ni, kì í sì í ṣe ìyìn ló fi pè é. Aránṣọ ni ọkọ náà, ọkùnrin tí abẹ́rẹ́ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ pẹ̀lú kì í sì í wọ́n níbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ pẹ́ kó tó ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kan. Ó bá a níwájú ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ní kó má bínú, pé ọ̀kan ni kò jẹun láti àárọ̀, òun sì dúró tì í títí ó fi jẹ díẹ̀.

"Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa?"

"Rárá o. Ọ̀kan nínú àwọn ẹja."

Aránṣọ yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu, ó fi í gún etí aṣọ tó ń rán. "Èmi náà ò tíì jẹun láti àárọ̀. Bóyá kí n lọ wọ inú táǹkì. O kú iṣẹ́ o, Ìyá Ẹja."

Orúkọ náà kò sun inú ilé mọ́jú. Àwọn ará àdúgbò gbé e, àwọn ará ibi iṣẹ́ gbà á lọ́wọ́ wọn. Ìyá Ẹja kọ́kọ́ bínú, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn. Nígbà tó yá, bí ẹnì kan bá pè é ní orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, ńṣe ló máa ń wẹ̀yìn láti wo ẹni tí wọ́n ń pè.

Ilé Ẹja ni gbogbo ènìyàn ń pe ibi iṣẹ́ náà, nítorí pé orúkọ gidi tí ìjọba fún un gùn débi pé ẹni tó fi ọ̀dà kọ ọ́ sára ògiri ní láti yí igun ilé kó tó kọ ọ́ tán. Ilé gígùn kan ni, òrùlé rẹ̀ rẹlẹ̀, táǹkì sìmẹ́ǹtì tò sí ọ̀tún àti òsì, ilẹ̀ rẹ̀ kì í gbẹ, pọ́ǹpù sì ń hó níbẹ̀ tọ̀sán-tòru bí ẹni tó ń ráhùn. Iṣẹ́ ìgbálẹ̀ ni Ìyá Ẹja bá wọ ibẹ̀. Ọkùnrin tó ń fún ẹja lóúnjẹ rí iṣẹ́ tó dáa ju ìyẹn lọ, ó gbé abọ́ lé e lọ́wọ́, ó ní òun ń bọ̀ báyìí. Kò tíì dé títí di òní.

Ẹja kan ṣoṣo ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀, ìrùpọ́n. Kò gùn ju ìka ọmọńdinrín lọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí ẹrẹ̀, ìrù rẹ̀ pọ́n bí ata. Kò dùn lẹ́nu, kò tóbi, kò sì wúlò fún oògùn kankan. Ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo tó ṣẹ̀ ni pé kò sí ibòmíràn tó ń gbé ní gbogbo ayé àfi odò kékeré kan tó gba ẹ̀yìn ìlú kọjá. Omi odò náà kò mọ́ gaara rí. Ewéko bo etí rẹ̀, àti nígbà tí ìrùpọ́n ṣì pọ̀ níbẹ̀, ẹni tí kò bá fi àwọ̀n wá a kì í rí i. Ẹja tó mọ bí a ṣe ń fara pamọ́ ni. Ohun tí kò mọ̀ ni bí a ṣe ń gbé nínú iyanrìn. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta omi inú ike wá fa omi ìsun odò náà, ó fà á títí odò fi di ọ̀nà tí àwọn ewúrẹ́ ń gbà. Dókítà ló fi abọ́ kó àwọn ìrùpọ́n tó kù nínú kòtò tó gbẹ̀yìn, ó kó wọn wá sí Ilé Ẹja.

Dókítà yìí, obìnrin ni, dókítà ẹja sì ni. Àwọn ará àdúgbò kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń gbé ọmọ oníkọ́ wá fún un. Bó bá ní ẹja lòun ń tọ́jú, wọ́n á bi í pé ṣé ẹja ò lè wúkọ́ ni. Ó ní sùúrù, àmọ́ lórí ọ̀rọ̀ kan kò ní rárá. Ó ta kọ́tìnnì dúdú yí gbogbo táǹkì ká, ó ri páìpù kan mọ́ ẹ̀yìn kọ́tìnnì, láti ibẹ̀ ni oúnjẹ yóò ti máa bọ́ sínú omi. Ẹja kò gbọ́dọ̀ rí ènìyàn. Kò gbọ́dọ̀ gbọ́ ohùn ènìyàn.

"Màmá, mo fẹ́ kí wọ́n máa sá fún wa."

"Kí la ṣe fún wọn tí wọ́n á fi máa sá?"

"A ò ní ṣe nǹkan kan fún wọn. Ohun tí mò ń wí gan-an nìyẹn. Kí wọ́n má tilẹ̀ mọ̀ pé a wà. Ọjọ́ tí odò bá padà, ẹni tí wọ́n máa bá níbẹ̀ kò ní jẹ́ ẹ̀yin."

Ìyá Ẹja ní òun gbọ́. Ó gbọ́ lóòótọ́. Gbígbọ́ kò ni í lára rí.

Ohun tó bà á jẹ́ kò tó nǹkan. Páìpù dí. Dókítà rìnrìn àjò, kò sì sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tú u. Ìyá Ẹja bu tanwíjí sínú abọ́, àwọn ọmọ ẹ̀fọn tó máa ń jó nínú omi àgbá yẹn, ó ká kọ́tìnnì sókè, ó jókòó sí etí táǹkì. Gbogbo ẹja sá sí abẹ́ òkúta. Ó fi ṣíbí bu tanwíjí, díẹ̀ bọ́ sómi, èyí tó kù lẹ̀ mọ́ ṣíbí. Ó wá kan ṣíbí náà mọ́ etí táǹkì: kọ́, kọ́, kọ́. Oúnjẹ bọ́. Nígbà tí Dókítà fi máa dé, páìpù ti là, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó nílò páìpù mọ́. Bí ṣíbí bá ti kan sìmẹ́ǹtì, gbogbo ìrùpọ́n á gòkè wá lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á gbé ẹnu sókè, omi á pọ́n bí ẹni da ẹyin iná sí i.

Ká má purọ́, ta ni kò ní dùn mọ́ nínú? Àwọn ọmọ Ìyá Ẹja ti lọ sí ilé wọn, wọ́n sì máa ń ránṣẹ́ kí i bí wọ́n bá rántí. Ọkọ rẹ̀ ń dojú kọ ẹ̀rọ ìránṣọ. Kò sí ẹnì kan ní gbogbo ayé tó tún ń sáré pàdé rẹ̀ bó bá dé, àfi àwọn yìí. Ó ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ó ń bá wọn wí bí wọ́n bá ń tira wọn. Ó mọ ọ̀kan tí etí ìrù rẹ̀ ya, òun ló sì máa ń fún ní tiẹ̀ lọ́tọ̀.

Dókítà bínú, ó fẹ́ fẹjọ́ sun Ọ̀gá tó ń darí Ilé Ẹja. Àmọ́ Ọ̀gá ti rí i ṣáájú rẹ̀. Ọjọ́ pẹ́ tí Ọ̀gá ti ń mú àlejò wá wo Ilé Ẹja, tí àlejò á na ọrùn wo omi tó ṣókùnkùn, tí wọ́n á yán, tí wọ́n á béèrè ilé ìtura. Lọ́jọ́ yìí, Ìyá Ẹja kan ṣíbí, omi pọ́n, àlejò kígbe, obìnrin kan nínú wọn tilẹ̀ sunkún. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí pọ́ǹpù tuntun dé, tí wọ́n sì di òrùlé tó ń jò. Ọ̀gá ní kí wọ́n tú kọ́tìnnì kúrò, kì í jẹ́ kí àlejò ríran dáadáa. Ìyá Ẹja gbé kọ́tìnnì lọ ilé, aránṣọ sì fi rán ṣòkòtò méjì fún ara rẹ̀. Aṣọ gidi ni.

Dókítà tọ Ọ̀gá lọ. "Ọ̀gá, ẹ mà ti ń sọ wọ́n di adìẹ."

"Dókítà, ṣé ẹ ti gbọ́ ọ rí pé adìẹ fẹ́ tán láyé?"

Dókítà padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà tọ̀nà. Pọ́ǹpù tuntun náà ló ń hó lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni Ìyá Ẹja ń fẹ́ ní gbogbo àkókò yìí, kò sì sí ẹni tó bá a jókòó tí kò tíì sọ ọ́ fún: kí ìrùpọ́n padà sínú odò wọn, kí wọ́n bímọ síbẹ̀, kí àwọn ọmọ náà dàgbà láìmọ̀ pé ẹnì kan ń jẹ́ Ìyá Ẹja. "Bí mo bá ti rí ìyẹn, kí wọ́n máa wá sin mí," ló máa ń wí. Ọkọ rẹ̀ á ní kí ó fara balẹ̀, àkókò yìí kì í ṣe ìgbà òkú, posí wọ́n.

Odò padà. Ilé-iṣẹ́ omi náà ti fa ìsun débi pé kò mú èrè wá mọ́, ni wọ́n bá kó ẹrù wọn lọ bá ìsun ẹlòmíràn. Òjò rọ̀, ìsun mí, omi tún ń ṣàn. Àwọn aṣòfin ìlú jókòó láti ṣòfin tó máa dáàbò bo odò náà, Ọ̀gá sì mú Ìyá Ẹja lọ síbẹ̀ kó lọ sọ̀rọ̀, ó mọ ohun tó ń ṣe. Ìyá dúró níwájú àwọn ọkùnrin tó wọ kóòtù, ó bẹ̀ wọ́n nítorí ẹja bí ìyá tó ń bẹ ọ̀gá ọlọ́pàá nítorí ọmọ. Kò sí ẹni tó lè gbójú sókè. Wọ́n fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ju àwọ̀n sínú odò náà, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ju ìwọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dẹ ìgèrè síbẹ̀, ohun yòówù kí ó fẹ́ fi ṣe.

Dókítà ní kí wọ́n dúró díẹ̀. Ó ní kí wọ́n ta kọ́tìnnì padà, kí wọ́n lo páìpù láti ìgbà òjò dé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, bóyá ẹja á gbàgbé ṣíbí.

"Ìwé ìpè ti jáde," Ọ̀gá dáhùn. "Ẹni ńlá tó ń bọ̀ wá tú wọn sílẹ̀, ọjọ́ yẹn nìkan ló ṣófo fún un. Mo sì ti ṣèlérí àwọn táǹkì. A fẹ́ máa sin ẹja àrọ̀ níbẹ̀ fún títà."

"Ọ̀gá, ṣé gbogbo ìrùpọ́n lẹ fẹ́ tú sílẹ̀? Ẹ ò ní fi díẹ̀ sílẹ̀?"

"Ṣé ká wá máa sọ fún aráyé pé a ò fọkàn tán odò wa ni?"

Dókítà kọjú sí Ìyá Ẹja. "Màmá, ẹ̀yin ni wọ́n máa gbọ́ tiyín. Ẹ bá mi sọ pé kò tíì tó àkókò."

Gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Ká ní ó sọ gbólóhùn kan péré, Ọ̀gá ì bá sún ọjọ́ náà síwájú, nítorí kò sí Ilé Ẹja lójú àlejò láìsí Ìyá Ẹja. Ṣùgbọ́n ohun tí ọkàn rẹ̀ ti ń fà sí láti ọjọ́ yìí ló dúró síwájú rẹ̀ gbọnin yìí, ta ló fẹ́ sọ pé kí ó padà lọ kí ó tún máa bọ̀?

"Dókítà, ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ. Omi tiwọn ni. Bí wọ́n bá débẹ̀, wọ́n á mọ̀."

Ọjọ́ náà lárinrin. Ẹni ńlá sọ̀rọ̀ títí oòrùn fi kúrò lórí rẹ̀ bọ́ sórí àwọn tó ń gbọ́. Wọ́n gbé korobá fún un, ó da ẹja sódò, ó da ìyókù sí bàtà ara rẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyá Ẹja sunkún ayọ̀. Dókítà dúró sẹ́yìn pátápátá, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé ohun tó fẹ́ fi í ṣe.

Alágbàfọ̀ kan wà tó máa ń fọṣọ ní odò náà, obìnrin tó lọ́yàyà, tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín. Òun ló wá sí ilé aránṣọ láti kí Ìyá Ẹja, inú rẹ̀ dùn gan-an.

"Ìyá, ẹ kú ìtọ́jú o! Àwọn ọmọ yín mà lẹ́kọ̀ọ́ ilé!"

"Ọmọ mi wo?"

"Àwọn ẹja! Búrọ́ọ̀ṣì ni mo fi kan etí ọpọ́n mi pé kí ọṣẹ bọ́ lára rẹ̀, kí n tó gbójú sókè wọ́n ti dé. Gbogbo wọn! Wọ́n dúró síwájú mi, wọ́n ń lanu, bí ọmọ ilé ìwé tó ń kí tíṣà. Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà mí. Mo ní ṣé kì í ṣe iwin rèé."

Ìyá Ẹja ti jókòó. "Kí lo wá ṣe?"

"Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo ti ọpọ́n bọ omi, wọ́n wọlé fúnra wọn. Mi ò tilẹ̀ lé wọn."

"O kó wọn?"

"Ìyá, mi ò ju àwọ̀n o. Mo mọ òfin. Òfin ò sọ̀rọ̀ ọpọ́n."

Òótọ́ ni. Òfin kò sọ̀rọ̀ ọpọ́n. Àwọn ọkùnrin tó ṣe é kò fọṣọ rí.

"O jẹ wọ́n?"

Ẹ̀rín alágbàfọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ díẹ̀díẹ̀. "Wọ́n kéré. Egungun ló pọ̀ lára wọn. Ológbò ló jẹ èyí tó pọ̀ jù. Ìyá, ṣé mo ṣẹ̀ yín ni? Gbogbo ènìyàn ló ń ṣe é. Wọ́n ń mú ṣíbí lọ síbẹ̀ láti lọ fi ṣeré, kódà àwọn tí kò fẹ́ jẹ ẹ́. Ẹyẹ apẹja kan tilẹ̀ ti wá ń dúró síbẹ̀ láti àárọ̀. Bó bá ti gbọ́ kọ́, kọ́, òun náà á sọ̀ kalẹ̀."

Aránṣọ dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró. Ó wo ojú ìyàwó rẹ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra wọn, kò rí nǹkan sọ.

Ìyá Ẹja bẹ alágbàfọ̀ pé kó má kan ọpọ́n mọ́. Alágbàfọ̀ ní òun gbà, òun ò kan án mọ́, àmọ́ òun ò lè di gbogbo ìlú lọ́wọ́ mú. Ìyá wá sáré lọ bá Dókítà nínú yàrá kékeré tó ń lò lẹ́yìn Ilé Ẹja.

"Ẹ wí fún mi, Dókítà. Ẹ ti wí fún mi tẹ́lẹ̀."

"Mo wí fún yín, màmá." Ohun tó burú ni pé kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń bínú. "Ọ̀nà kan ló kù. Ẹ máa lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ kan ṣíbí. Bí wọ́n bá wá, ẹ nà wọ́n."

"Kí n nà wọ́n?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ wọn pé oúnjẹ ni ariwo yẹn. Ẹ lọ kọ́ wọn pé ìyà ni."

Ó lọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó kan ṣíbí mọ́ òkúta, wọ́n wá, kò lè ṣe nǹkan kan. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ." Wọ́n lanu. Ó ju òkúta wẹ́wẹ́ sí wọn, wọ́n fọ́n ká, wọ́n tún padà wá wò ó bóyá òkúta náà ṣe é jẹ. Ọ̀kan tilẹ̀ tọ́ ọ wò. Ẹni tí wọ́n ti ń bọ́ láti kékeré, bó bá gba ìgbátí, eré ló máa pè é.

"Ó gbọ́dọ̀ dùn wọ́n, màmá," Dókítà wí. "Bí kò bá dùn wọ́n, ẹ ò tíì kọ́ wọn ní nǹkan kan."

Ó gé ẹ̀ka igi. Ó kan ṣíbí pẹ̀lú ọwọ́ kan, ó fi ìkejì na omi, ó nà á tagbára-tagbára, omi ta sí i lójú. Nígbà tí omi padà rọlẹ̀, èyí tí etí ìrù rẹ̀ ya ló léfòó, ó fi ikùn sókè. Ìyá Ẹja fi ọwọ́ gbé e, ó tẹ́ ẹ sórí ewé, ó sì tún kan ṣíbí, nítorí àwọn tó kù wà níbẹ̀, tí wọ́n ń wò ó, tí wọ́n ṣì ń retí.

Àwọn tó ń fọṣọ rí ìran wò. "Ìyá Ẹja ti ń na àwọn ẹja rẹ̀ o!"

"Kí ni wọ́n jí?"

"Bóyá wọn ò fọ ojú."

"Ìyá, ẹ fi díẹ̀ jì wọ́n, a bá wọn bẹ̀ yín!"

Ó tún kan ṣíbí. Àárọ̀ kùtù kó tó lọ síbi iṣẹ́, ìrọ̀lẹ́ kó tó lọ sílé, ó ń nà wọ́n. Apá ń dùn ún. Aránṣọ ń fi aṣọ gbígbóná jó o fún un, ó sì ń ṣọ́ ẹnu ara rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ náà wọlé. Àwọn tó ń wá bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Kì í ṣe gbogbo omi ló ń pọ́n mọ́, apá kan ni. Lẹ́yìn náà, díẹ̀díẹ̀ nínú wọn ni, wọ́n á sún mọ́, wọ́n á dúró níbi tí ẹ̀ka igi kò lè dé, wọ́n á yí padà. Ìyá Ẹja ń sáré lọ sọ fún Dókítà. "Wọ́n ti ń gbọ́n! Ẹ bá rí bí wọ́n ṣe wò mí lónìí, bí ẹni wo ọlọ́ṣà!" Dókítà á ní ó dáa, kò sì ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ kan dé tí ó kan ṣíbí tí ẹnikẹ́ni kò wá. Ó tún un kàn. Ó kàn án gidi, débi pé ọrùn ṣíbí wọ́. Omi dákẹ́. Ìyá Ẹja ju ẹ̀ka igi nù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó dé ilé.

"Wọn ò wá! Bàbá ilé, wọn ò wá!"

"Kú oríire o." Aránṣọ dìde, inú rẹ̀ dùn tọkàntọkàn, ó sì yẹ kó fi mọ síbẹ̀. "Kò sí ọ̀kan tó wá?"

"Kò sí ọ̀kan."

"Gbogbo wọn pátá ló mọ̀wé?"

"Gbogbo wọn."

"Wọ́n mà gbìyànjú o. Nígbà tí èmi wà nílé ìwé, bí tíṣà ṣe nà wá tó, olódo kan wà nínú kíláàsì wa títí a fi jáde." Ó rẹ́rìn-ín. "Èmi ni."

Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín. Ìyá Ẹja dúró sí àárín ilé pẹ̀lú ṣíbí wíwọ́ lọ́wọ́. Ó ń rò ó. Nínú gbogbo ẹja tí wọ́n dà sómi náà, kò sí olódo kankan? Kò sí ọ̀kan tí ebi mú gbàgbé ara rẹ̀? Ẹja tó sá pamọ́ sínú ewéko, kò ní wá bí wọ́n bá pè é. Èyí tó wà nínú ológbò náà kò ní wá. Omi tó dákẹ́, báwo lèèyàn ṣe máa mọ èwo ló ń dákẹ́ nínú rẹ̀?

Ó bi Dókítà. Dókítà ní òun ti ń rò ó láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń dín kù, òun ò fẹ́ fi ba ayọ̀ rẹ̀ jẹ́ ni. "Àwọ̀n nìkan ló lè sọ fún wa, màmá. Ká dẹ ẹ́ sínú ewéko fún wákàtí kan, ká kà wọ́n, ká tú wọn sílẹ̀."

Àwọn méjèèjì tọ Ọ̀gá lọ. Ọ̀gá wà nídìí tábìlì, ó ń di ẹrù. Ó ti ránṣẹ́ sí ìjọba lókè pé ìrùpọ́n ti padà sí ìwà inú odò pátápátá, kò gbọ́ ti ènìyàn mọ́, iṣẹ́ ti parí. Inú àwọn ará òkè dùn débi pé wọ́n gbé e lọ sí ọ́fíìsì tó tóbi ju ìyẹn lọ, kí ó lọ gba ẹyẹ kan là. Kí Ọlọ́run ṣàánú ẹyẹ náà.

"Àwọ̀n kẹ̀?" Ọ̀gá wò wọ́n tàánú-tàánú. "Màmá, ẹ̀yin lẹ bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó ṣòfin yẹn. Mo wà níbẹ̀. Èmi náà sunkún."

"Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má kó ẹja ni. A kàn fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n wà ni."

"Ẹ gbọ́ o. Bí wọ́n bá wà, òfin ò gbà kí ẹ ju àwọ̀n sí wọn. Bí wọn ò bá sì sí, kí lẹ fẹ́ fi àwọ̀n kó?"

Kó tó di pé Dókítà fèsì, Ọ̀gá ti padà sídìí ẹrù rẹ̀.

Ẹja àrọ̀ ló wà nínú táǹkì báyìí, wọ́n ń tà á fún àwọn onílé oúnjẹ. Ìyá Ẹja ló ń tọ́jú wọn. Páìpù ló fi ń fún wọn lóúnjẹ, ó ti ra kọ́tìnnì mìíràn tà yí wọn ká, kì í sì í bá wọn sọ̀rọ̀. Bó bá ṣíwọ́, á gba odò lọ. Kì í mú ṣíbí dání.

Lọ́jọ́ kan tí oòrùn ń lọ wọ̀, aránṣọ tẹ̀ lé e. Kò sọ ìdí tó fi tẹ̀ lé e. Wọ́n dúró létí omi, ewéko ti gbilẹ̀ sí i, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀ mọ́ tó ń kan nǹkan, eré náà ti sú àwọn ènìyàn látìgbà tí kò ti sí ohun tó ń jáde. Aránṣọ ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ ṣíbí ọbẹ̀ kan.

"Jẹ́ kí n kàn án lẹ́ẹ̀kan péré. Èmi ni mo kàn án, kì í ṣe ìwọ. Kí ọkàn rẹ lè balẹ̀ kí o tún lè máa sùn."

Ìyá Ẹja gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, ó dì í mú débi pé ó dun ọkùnrin náà.

"Bí wọ́n bá wá ńkọ́?"

"Wàá mọ̀ pé wọ́n wà láàyè ni."

"Tí wọ́n á sì máa wá bá gbogbo ẹni tó bá ní ṣíbí. Mo ti pa wọ́n nìyẹn. Bí wọn ò bá wá ńkọ́?"

Aránṣọ ṣì di ṣíbí náà mú.

"Mo ti pa wọ́n nìyẹn náà. Ẹ fi í sápò, Bàbá ilé. Ẹ jọ̀ọ́."

Ó fi í sápò. Ìyá Ẹja bẹ̀rẹ̀, ó ṣa òkúta wẹ́wẹ́ nílẹ̀, ó jù ú sáàárín odò, ó tún ju òmíràn, bó ṣe máa ń ṣe ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, nítorí bó bá ku ẹyọ kan níbẹ̀, kí ìyẹn má gbàgbé láti sá. Ọkọ rẹ̀ wò ó títí. Lẹ́yìn náà, òun náà tẹ̀ wálẹ̀, ó ṣa òkúta kan, ó jù ú. Kò débi omi.

"Ẹ fi agbára sí i," ìyàwó rẹ̀ wí.